Eegun Ọ̀gá Mi àti Àwọn Ìwé Honora Pelwick

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ọwọ́ yín ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí mi díẹ̀. Iṣẹ́ ìdìwé ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn, mo sì parí rẹ̀ ní Atlanta. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí bàbá mi tó sọ pé agbára òun kò gbé e mọ́. Yorùbá tí mo ń kọ yìí, inú Bíbélì àti inú àwọn ìwé tí mo rán ni mo ti kọ́ ọ.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Obìnrin kan wà tó kú láyé Ayaba Fikitóríà, èmi sì wà láàyè títí di òní. Ohun kan náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Mo fẹ́ kí wọ́n dá tèmi padà nígbà tí ojú mi ṣì ń ríran.

Bàbá Adékànbí ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Òkè-Àdó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtẹ̀wé kan. Ìwé orin ìjọ, ìwé ilé ẹjọ́, Bíbélì ìdílé tó ti já sí wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń gbé wá bá a. Bàbá náà le púpọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rárá. Bébà àlòkù ni mo ń ṣẹ́ po láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí mo ń fi eegun pẹlẹbẹ kan tẹ ibi tí ó ṣẹ́ títí tí yóò fi mú bí ojú ọ̀bẹ. Tí ó bá wọ́ díẹ̀, yóò tú u sílẹ̀, yóò sì ní kí n tún un ṣẹ́. Nígbà tí ó wá gbà kí n máa rán ìwé, á di igun ìwé náà mú, á gbé e sókè, á mì í létí ara rẹ̀. Tí ó bá gbọ́ ìró kankan, ọ̀bẹ ni yóò mú, yóò sì gé gbogbo òwú mi dànù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú kan ṣoṣo ló dẹ̀ níbẹ̀."

"Ojú kan ṣoṣo náà ni gbogbo ìwé máa gbà jáde. Tún un rán."

Bàbá yìí ní àṣà kan tí kì í yẹ̀. Tí a bá parí ìwé kan, ẹni tó rán an gbọ́dọ̀ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ rẹ̀ ní kékeré sí ìsàlẹ̀ bébà tó gbẹ̀yìn, níbi tí ó fara ti páálí ẹ̀yìn. Mo bi í léèrè nígbà kan bóyá kò ní dà bí ìgbéraga lójú àwọn oníbàárà.

"Ìgbéraga bí i ti báwo? Tí ìwé yìí bá já lọ́wọ́ wọn lọ́la, ta ni kí wọ́n bú? Ṣé afẹ́fẹ́ ni kí wọ́n bú ni? Kọ orúkọ rẹ síbẹ̀, kí ẹ̀rù lè máa bà ọ́."

Ẹ̀rù náà bà mí. Ẹ̀rù náà ló sọ mí di adìwé.

Ní ọjọ́ fíríìdọ̀mù mi, lẹ́yìn tí wọ́n gbàdúrà tán tí gbogbo wa jẹun, ó pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi eegun kan lé mi lọ́wọ́. Ojúgun màlúù ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sè é, tó fi àfọ́kù ìgò fá a, tó fi òróró pa á títí tó fi ń dán. Ó ní ọwọ́ mi ni òun wọ̀n kí òun tó gé e. N kò mọ ìgbà tó wọ̀n ọ́n.

Bí mo ṣe dé Amẹ́ríkà kò gùn. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, òun ni wọ́n fún níwèé ìrìnnà, mo sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú Tóyìn ọmọ wa. Morrow ni a gbé títí tí ìyá Tóyìn fi fi ayé sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé. Mo rí iṣẹ́ ní ilé-ìkàwé yunifásítì kan lápá Decatur, nínú yàrá tí wọ́n ti ń tún ìwé ṣe lábẹ́ ilé. Owó rẹ̀ tó jẹun. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwa mẹ́ta ló wà nínú yàrá yẹn. Miss Loretta jẹ́ ọmọ bíbí Atlanta, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí baba ńlá rẹ̀ ti wà níbí kí ẹnikẹ́ni tó ka Decatur sí ìlú ńlá. Òun ló ń tọ́jú bébà àti àwòrán. Èmi ni mo ń rán, tí mo sì ń ṣe ẹ̀yìn ìwé. Ẹnì kẹta ni Ọ̀gá Yàrá. Èmi kò ní kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìtàn yìí, nítorí orúkọ rẹ̀ ti wà níbi tó pọ̀ jù. Gbogbo ìwé tó bá ti yàrá wa jáde ló ń ní bébà pélébé kan tí a lẹ̀ sí inú páálí ẹ̀yìn, ibi tí Bàbá Adékànbí ti kọ́ mi láti kọ orúkọ mi gan-an. Orúkọ Ọ̀gá Yàrá ni wọ́n máa ń tẹ̀ síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lójoojúmọ́. Gọ́ọ̀mù kì í kan án.

Inú yàrá yẹn ni mo ti mọ Honora Pelwick.

Gọ́ọ̀mù kì í gbẹ kíákíá. Tí mo bá ti gbé ohun tó wúwo lé ìwé kan, a óò jókòó dúró, Miss Loretta á sì ṣí ìwé mìíràn, á máa kà á sókè fún mi, nítorí ó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ń fà mí lẹ́sẹ̀. Àwọn ìwé ìtàn Honora ló fẹ́ràn jù, nítorí ilé-ìkàwé wa ní gbogbo wọn láti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n, ìdìpọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta fún ìtàn kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìgbà náà.

Ọmọ aláró ni Honora. Ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń pa irun àgùntàn láró. Láti kékeré ni ó ti ń ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, aró sì wọ̀ ọ́ léèékánná títí ó fi di ìyá ọlọ́mọ. Lórí tábìlì tó ti ń gé ẹ̀fọ́ ló ti ń kọ̀wé, lára bébà tí wọ́n fi ń di ẹrù irun àgùntàn. Kì í kọ nípa àwọn ọlọ́lá bí àwọn yòókù. Àwọn tó ń fọ aṣọ, àwọn tó ń hun ún, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, àwọn opó tí ọmọ ọkọ lé jáde, àwọn ló ń kọ nípa wọn. Nínú ìtàn rẹ̀ kẹta, obìnrin kan hun aṣọ òkú fún ìdílé olówó kan, aṣọ náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ìlú fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi ìsìnkú, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi ahunṣọ náà sí. Ìgbà tí Miss Loretta ka ibẹ̀, ó pa ìwé dé, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ tí kò dọ̀tí.

Olùtẹ̀wé sọ fún Honora pé òun kò lè fi orúkọ obìnrin aláró síta. Ó bá bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Josiah, kí ó yá òun ní orúkọ. Josiah gbà. Kò kọ ìlà kan rí láyé rẹ̀. Nígbà tí ìwé bẹ̀rẹ̀ sí tà, wọ́n ń pè é síbi àsè, ó sì ń lọ. Honora ló ra aṣọ dúdú tó ń wọ̀ lọ. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ń yìn ín nílé ara rẹ̀ nítorí ibi tí ìyá kan ti kú létí odò nínú ìwé kejì, Honora ló sì ń gbé àwo oúnjẹ wọlé. Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ, ó ní òun fẹ́ kí orúkọ òun wà lára èyí tó kàn. Josiah dá a lóhùn pé, "Èmi ni àwọn ènìyàn mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni Honora ṣe kú. Lórí ibojì Josiah ni wọ́n kọ ọ́ sí pé òǹkọ̀wé sùn síbí. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó fi ìdí òtítọ́ múlẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ Josiah ṣì wà lẹ́yìn àwọn ìwé tó wà lọ́wọ́ wa, tí wọ́n fi wúrà tẹ̀ síbẹ̀. Èmi ni mo ń nù ún.

Nígbà tí mo dé iṣẹ́ yẹn, abẹ́rẹ́ àti òwú ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń gé ẹ̀yìn ìwé kúrò pátápátá, tó ń fi gọ́ọ̀mù gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ìwé tí ẹ̀rọ yẹn bá ṣe, tí ẹ bá ṣí i tán, kì í pa dé mọ́ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni kámẹ́rà dé. Wọ́n ní kí n máa gé ìwé sí ewé kọ̀ọ̀kan kí kámẹ́rà lè yà á kíá, kí n sì da èyí tó kù nù. Mo gé àwọn kan, nítorí iṣẹ́ ni. Nígbà tí ó kan àwọn ìwé Honora, mo gbé abẹ́rẹ́ mi sílẹ̀ lórí tábìlì, mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Miss Loretta náà bọ́ épírọ́ọ̀nù tirẹ̀. Wọ́n fi Honora sílẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí omi ṣe dé.

Páìpù kan bẹ́ lókè àjà ní òwúrọ̀ Sátidé, nígbà ọlidé tí gbogbo ilé-ìkàwé ti tì títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló pe Miss Loretta, òun ló pè mí. Ìgbà tí a débẹ̀, omi ti dà sórí pẹpẹ tí àwọn ìwé Honora wà, gbogbo ìdìpọ̀ rẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì. A pe Ọ̀gá Yàrá títí. Ó wà létí òkun pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, kò gbé fóònù. A pe ilé-iṣẹ́ tó máa ń wá kó ìwé tútù, wọ́n ní ọkọ̀ àwọn kò lè dé títí ọlidé fi máa parí. Ẹni tó bá mọ bébà mọ̀ pé tí ìwé tó rin bá jókòó nínú ooru Atlanta fún bí ọjọ́ mélòó kan, ebu ni yóò hù, ewé rẹ̀ yóò sì lẹ̀ mọ́ra títí láé. Ohun kan ṣoṣo ló lè dá a dúró. Kí ó di yìnyín ni.

"Gabriel," ni Miss Loretta wí, "ta ni a mọ̀ tó ní fírísà ńlá?"

Ìjọ wa ní Morrow wà nínú ilé kan tó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ibùsùn tẹ́lẹ̀, lójú títì tí àwọn ilé ìtajà wà. Fírísà gígùn méjì ló wà ní ilé ìdáná rẹ̀. Ìkórè ọdún ku ọ̀sẹ̀ kan, Màmá Diákónẹ́ẹ̀sì, olórí àwọn obìnrin tó ń dáná, sì ti fi tọ́kì àti ẹja kún wọn bámú. A kó Honora sínú ọkọ̀ Miss Loretta, a gbà á lọ síbẹ̀.

Màmá jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń ṣa ewúro. Ó wò wá látòkè délẹ̀.

"Baba Tóyìn, kí lẹ gbé wá tó ń ro tótó bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ni, Mà. Omi ti wọ̀ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ yá mi ní fírísà."

"Ìwé fẹ́ wọ fírísà. Ṣé ibà ló ń ṣe é ni?"

Àwọn obìnrin yòókù rẹ́rìn-ín. Mo dúró.

"Ẹ fẹ́ ká gbé tọ́kì Ọlọ́run jáde nítorí ìwé òyìnbó. Ta ló tiẹ̀ kọ ọ́?"

"Obìnrin ni, Mà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló fi orúkọ ara rẹ̀ sí i."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun náà mọ̀ ọ́n kọ ni?"

"Rárá, Mà. Àsè ló mọ̀ ọ́n lọ."

Màmá gbé ewúro ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Obìnrin yìí ní ọmọ?"

"Ó ní. Lórí tábìlì ìdáná ló ti ń kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń yin ẹ̀gbọ́n, òun ló ń gbé oúnjẹ fún wọn."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. Ó wá yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ dìde. Ẹ kó tọ́kì yẹn jáde kí ẹ gbé omi kaná. Sister Bùnmi, bring that baking paper, gbogbo ẹ̀. Baba Tóyìn, ẹ jẹ́ kí ìyá yẹn wọlé."

A fi bébà tí wọ́n fi ń yan kéèkì we ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra. Àwọn obìnrin náà ń gbà wọ́n lọ́wọ́ mi bí ẹní gba ìkókó. Ìjọ jẹ tọ́kì ní ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn láìsí ayẹyẹ kankan, pásítọ̀ bi wá léèrè ohun tí a ń ṣe, Màmá sì ní obìnrin kan ló wọ̀ sí ilé ìdáná wa.

Lẹ́yìn ọlidé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí mú wọn jáde, ìwé kan lẹ́yìn òmíràn. Mo ń ṣí ewé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú eegun Bàbá Adékànbí, nítorí irin yóò ya á, ìka yóò sì fà á ya. Bébà afami ni mo ń fi sáàárín, mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo sì ń fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí èyí àkọ́kọ́ bá ti mu omi yó. Ó pẹ́ lọ́wọ́ mi ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò. Ní ọjọ́ kan, Miss Loretta gbé orí kan nínú ìwé náà sí imú, ó wò mí tìbànújẹ́-tìbànújẹ́, ó ní, "Gabriel, orí yìí ń rùn bí ẹja." Mo sáré gbà á, mo gbóòórùn rẹ̀ títí. Kò rùn nǹkankan. Ó fi orí lé tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Gbogbo wọn ni mo tún rán. Ẹ gbé èyíkéyìí ní igun kan, kí ẹ mì í létí yín.

Ọ̀gá Yàrá ti etí òkun dé, awọ ara rẹ̀ ti pọ́n. Ó kọ ìròyìn fún àwọn tó wà lókè, ó ní òun ti ṣe ètò pàjáwìrì. Wọ́n pè é lọ sí ìpàdé àwọn atúnwèéṣe, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ, ó gbé e kọ́ sára ògiri lókè orí tábìlì tí mo ti rán àwọn ìwé náà. Nígbà tí ó wá gbé àwọn bébà pélébé jáde kí a lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ìwé Honora, mo ní kí ó tẹ òmíràn, kí ó kọ orúkọ tèmi àti ti Miss Loretta sí i, kí ó sì fi ìjọ wa kún un.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kò sí ẹni tó ń wá orúkọ àwa nínú ìwé. Ó ní, "Èmi ni àwọn ènìyàn mọ̀."

Miss Loretta wò mí, mo wò ó. Àwa méjèèjì mọ ibi tí a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ga jù ú lọ, wọ́n ní àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n yí ẹni tó wà níbẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ̀yìn tì. Wọ́n gé kéèkì fún mi. Miss Loretta kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sì sí ìwé kan nínú ilé yẹn tó mọ̀ ọ́n.

Ní àìpẹ́ yìí ni wọ́n kọ̀wé sí mi. Wọ́n fẹ́ ṣe àfihàn nípa ìgbé ayé àti iṣẹ́ Honora Pelwick, wọ́n ní kí n yá àwọn ní ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò mi láti gbé sínú àpótí gíláàsì. Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò tán. Mo gbé eegun ọ̀gá mi fún wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, Tóyìn fi ọkọ̀ gbé mi lọ, Màmá Diákónẹ́ẹ̀sì náà wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Àwòrán Honora tóbi bí ilẹ̀kùn lára ògiri. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ìtàn ìkún omi sí, pé Ọ̀gá Yàrá fi ìyára àti ọgbọ́n gba àwọn ìwé náà là. Mo lọ síbi àpótí gíláàsì. Mo ní kí Tóyìn ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Ó kà á sínú.

"Kà á fún mi."

"Daddy, please, ẹ má bínú."

"Mo ní kí o kà á."

"Wọ́n ní, eegun adìwé. Láti Áfíríkà. A kò mọ ẹni tó ṣe é."

Màmá fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Níbo ni fírísà wa wà nínú gbogbo èyí?"

Olùdarí ilé-ìkàwé, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipò náà, rìn wá bá wa tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo kí i. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Honora, nítorí Gẹ̀ẹ́sì mi kéré. Ó kà á sókè. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń yìn, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè, àwọn tó sì mọ̀ dákẹ́. Bí ó ti kà á tán, mo sọ fún un ẹni tó ṣe eegun náà àti ṣọ́ọ̀bù tó ti ṣe é, ẹni tó fi ṣí ewé Honora, ẹni tó wakọ̀ gbé e, àti àwọn obìnrin tó kó tọ́kì jáde fún un.

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun, pé òun yóò gbé e síwájú ìgbìmọ̀.

"Ẹ̀yin náà ti wá mọ̀ báyìí," ni mo wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí àpótí yìí fún mi."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ènìyàn ń wò wá. Mo mú eegun mi, mo fi áńkáṣíìfù wé e. Aṣọ pupa tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ sínú, ó mú àwòrán eegun náà.

Wọ́n ti kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Wọ́n ní àyè tó ṣófo nínú àpótí náà kò dára lójú àlejò, wọ́n sì ń bẹ̀ mí kí n dá eegun padà, pé àwọn yóò kọ orúkọ ọ̀gá mi sábẹ́ rẹ̀. Wọn kò sọ nǹkankan nípa ẹ̀yìn àwọn ìwé. Mo ní kí Tóyìn dá wọn lóhùn pé kí orúkọ Loretta, tèmi àti ti àwọn obìnrin Morrow kọ́kọ́ wọ ẹ̀yìn gbogbo ìwé Honora. Ọjọ́ tí mo bá fi ojú mi rí i ni eegun yóò padà.

Mo ní kí Tóyìn ka èyí tí wọ́n kọ kẹ́yìn fún Màmá lẹ́yìn ìsìn. Ó ń ka ẹja sínú fírísà.

"Eegun màlúù ni wọ́n ń bẹ̀," ni ó wí. "Wọn ò tíì bẹ ènìyàn."

Eegun náà wà lórí tábìlì mi níbí. Òun ni mo fi tẹ bébà tí mo ń kọ èyí sí. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ kọ́ ọ, ẹ má bẹ̀rù ọ̀gá tó le. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti máa béèrè ibi tí wọ́n máa kọ orúkọ yín sí. Èmi pẹ́ kí n tó béèrè sókè. Iṣẹ́ mi rè é, mo ti ṣe é tán, ìsàlẹ̀ bébà tó gbẹ̀yìn sì rè é.

Gabriel Àkànní Ọdẹ́wálé ló rán an.